Ìwé ìtàn àràmàǹdà àti ìtàn sáyẹ́ǹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde: èwo ni ká rà, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì Àsèrò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìwé Fágúnwà ni bàbá mi máa ń kà fún wa tí iná bá lọ. Kí n tó wọ girama ni mo ti mọ Àkàrà-ògùn àti Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn bí ẹni mọ ará àdúgbò. Àwọn ìbejì mi ti di ọmọ ọdún 13 báyìí. Táyé ń fẹ́ ìwé tó ní ẹ̀rọ, ìràwọ̀ àti ọkọ̀ òfurufú. Kẹ́hìndé ní tòun, àfi iwin, àfi idán. Èmi náà fẹ́ ohun tí màá máa kà lálẹ́ tí wọ́n bá ti sùn. Mo ń gbọ́ pé àwọn ọmọ wa ti ń kọ irú ìwé yìí, pé ìlú òyìnbó gan-an ń rà á wìtìwìtì, ṣùgbọ́n ìwé ti gbówó lórí ju owó ọbẹ̀ lọ, n kò lè ra èyí tí wọ́n á kà díẹ̀ kí wọ́n jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ojú tí ẹ fi wò wọ́n ni kí ẹ sọ fún mi. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé, mo lè kà á fúnra mi.

Ọmọ Kútọ̀

Ẹ kú ilé mà. Fún Táyé, Binti ti Nnedi Okorafor. Ọdún 2015 ló jáde, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo àti Nebula, àwọn méjì tí àwọn oníwèé yìí kà sí jù. Ọmọbìnrin Himba láti Nàmíbíà ni Binti, ìṣirò ni ẹ̀bùn rẹ̀, ló bá yọ́ jáde nílé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí yunifásítì kan ní pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ọkọ̀ yẹn gan-an, ẹ̀dá abẹ̀mí ni. Ìwé tín-ín-rín ni, ọmọ tó bá mọ̀wé kà kò ní pẹ́ parí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ìṣirò yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Tí ẹ̀rù bá ba ọmọ náà, tí gbogbo nǹkan bá dojú rú, ìṣirò ló fi ń mú ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀. Mo ti fi ìwé náà lé ọmọ tó kórìíra ìṣirò lọ́wọ́, ó sì tún padà wá béèrè apá kejì. Home ni orúkọ ìyẹn, 2017. Apá kẹta ni The Night Masquerade, 2018. Ẹ kàn tètè sọ fún Táyé pé wọ́n pa èèyàn púpọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn níbẹ̀rẹ̀ ìwé, kó má bàá bá a lójijì.

Tíṣà Ìbarà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, irú ìwé wọ̀nyí sì ni wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì nígbà tí mo bá ń kọ nǹkan sára pátákó. Mo ti gba púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ wọn, mo sì ti kà wọ́n tán kí n tó dá wọn padà.

Kí n tó dárúkọ ìwé kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ń wọn ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ìwé nítorí pé wọ́n rí orúkọ Ṣàngó tàbí Yemọja lára rẹ̀. Orúkọ òrìṣà nìkan kò sọ ìtàn di tiwa. Nínú ìtàn tí wọ́n fi tọ́ wa, agbára kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní ọfọ̀ lẹ́nu ní èèwọ̀ tó ń pa mọ́. Ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ iwin yóò san nǹkan padà, ó sì lè jẹ́ ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá ṣí ìwé tuntun, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nìyẹn: kí ni agbára yìí ń ná ẹni tó ní in? Lẹ́yìn náà ni mo wá ń wò ó bóyá ẹni tó kọ ọ́ mọ ibi tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá èèyàn ń jẹun níbẹ̀, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n ń ṣàìsàn, àbí wọ́n kàn ń gun ẹranko ńlá káàkiri ni.

Èyí tí gbogbo ọmọ kíláàsì mi mọ̀ ni Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. 2018 ló jáde. Ó nípọn, ó lé ní 500 ojú ìwé, ṣùgbọ́n ó ń sáré. Ọba kan ti pa àwọn tó ní idán ní ìlú, ìyá Zélie wà lára wọn, ọmọ náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá bá ọmọbìnrin ọba yẹn rìn láti mú idán padà wá. Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀ nínú ìwé náà, ìyẹn dùn mọ́ mi. Ìbẹ̀rù inú rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́: ẹ ó mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti ronú gidi nípa bí ó ṣe ń rí tí agbófinró bá lè pa ọmọ ẹni kí ó má sí ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ibi tí mo ti ní àròyé ni ìlú. Ìlọrin inú ìwé náà, orí òkun ló léfòó sí. Èkó ni ààfin ọba. Mo mọ̀ pé ayé tuntun ni òǹkọ̀wé náà dá, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ Ìlọrin yóò máa kọsẹ̀ níbẹ̀ títí ìwé á fi parí. Apá kejì dára díẹ̀. Apá kẹta tó jáde ní 2024, Children of Anguish and Anarchy, kò dé ibi tí àkọ́kọ́ dé lójú tèmi. Ó kúrú, ó yára jù, àwọn tí a ti fẹ́ràn láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sì ráyè mí.

Tó bá jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni owó yín ká fún Kẹ́hìndé, ẹ ra The Lies of the Ajungo ti Moses Ose Utomi, 2023. Kò nípọn rárá. Ìlú kan wà láàárín aṣálẹ̀ tí kò ní omi. Àwọn Ajungo ń bu omi díẹ̀ fún wọn, ahọ́n àwọn ará ìlú ni wọ́n sì ń gbà pààrọ̀: ọmọ tó bá ti pé ọdún 13, wọn á gé ahọ́n rẹ̀. Tutu, ọmọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń súnmọ́ ibẹ̀, rí i pé òùngbẹ ń pa ìyá òun lọ, ó ní òun yóò wọ aṣálẹ̀ lọ wá omi. Ohun tó bá níbẹ̀, n kò ní sọ. Mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ sókè fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni kò mira. Wọ́n kọ ọ́ bí ìgbà tí àgbà jókòó tó ń pàlọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó fi wà níbẹ̀, ọmọ á sì kà á tán kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé ta ló ń jẹ èrè irọ́ tí gbogbo ìlú gbà gbọ́. Ọjọ́ orí Tutu àti ti ìbejì yín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Apá kejì àti ìkẹta ti jáde, The Truth of the Aleke ní 2024 àti The Memory of the Ogisi ní 2025.

Ẹ̀gbọ́n Lafẹ́nwá

Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Fún ẹ̀yin fúnra yín, Ìyá Ìbejì, kì í ṣe fáwọn ọmọ o, ẹ wá Rosewater ti Tade Thompson. Ọ̀rọ̀ àgbà wà nínú rẹ̀ púpọ̀, ẹ gbé e síbi tó ga. Dókítà ọpọlọ ni òǹkọ̀wé náà, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ló sì gbé dàgbà.

Ọdún 2066 ni. Ẹ̀dá ńlá kan láti òfurufú ti rì sínú ilẹ̀ Nàìjíríà, òrùlé ribiti kan bò ó, àwọn èèyàn wá tẹ ìlú dó yí i ká. Ọ̀dọ̀ ẹ̀dá yẹn ni ìlú náà ti ń rí iná mànàmáná lò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, òrùlé náà á ṣí, àwọn aláìsàn á ti péjọ láti ibi gbogbo, ara wọn á sì yá. Ṣùgbọ́n ìwòsàn yẹn kì í lọ déédéé: ara ẹlòmíràn á yí padà di ohun tí kò ṣeé wò, òkú tó bá sì wà nítòsí lè dìde láìní ọkàn nínú mọ́. Ẹ rí ohun tí Tíṣà ń sọ nípa ohun tí agbára ń ná èèyàn.

Ibi tí ìwé yẹn ti mú mi ni sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀. Kaaro, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Kò kàn ṣàdédé mọ̀ ọ́n. Olú kan tí ojú kò lè rí ló wà nínú afẹ́fẹ́, tó lẹ̀ mọ́ awọ ara gbogbo wa, òun ló ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ kan dé èkejì. Báwo lẹ ṣe máa dí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́nà? Ìpara clotrimazole ni, èyí tí a ń rà ní kẹ́mísìtì fún làpálàpá. Ẹ fi í para, olú á kú, ọ̀nà á dí. Níbi tí mo ka ìyẹn dé ni mo ti gbé ìwé sílẹ̀ tí mo rẹ́rìn-ín ayọ̀, nítorí dókítà tó ti rí làpálàpá ọmọ Nàìjíríà nìkan ló lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó jẹ mọ́ ìlú wa. Níbí, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti fún ìwé náà ní àmì-ẹ̀yẹ Nommo àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ní Aké Festival, àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà, ti 2017. Nommo yìí, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tó ń kọ irú ìtàn yìí ló dá a sílẹ̀. Ní 2018 ni Aké Festival kó lọ sí Èkó. Ní 2019 ni Rosewater ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba àmì-ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke ní Ìlú Ọba. Ìlú Ẹ̀gbá ti yẹ́ ẹ sí kí Lọ́ńdọ̀nù tó jí.

Ìmọ̀ràn kan fún kíkà rẹ̀: ìtàn náà ń fò síwá sẹ́yìn láàárín ọdún. Ẹ máa wo ọdún tí wọ́n kọ sókè orí kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó sọnù.

Ìyá Ìbejì Àsèrò

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n rí Kẹ́hìndé tó ń wo àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní ọmọ onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ ka ìwé òrìṣà àti iwin. N kò fẹ́ bá wọn jà. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Màmá Ìtòkò

Ọmọ mi, má bá wọn jà rárá. Ìbéèrè ni kó o bi wọ́n. Bi wọ́n bóyá wọ́n ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ nígbà tí wọ́n wà léwe. Wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ọmọ iléèwé ìgbà wa tí kò kà á. Wá sọ fún wọn pé ilé ìtẹ̀wé CMS, ti àwọn míṣọ́nnárì, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ìjọ Ọlọ́run náà ló gbé igbó irúnmọlẹ̀ lé wa lọ́wọ́, pẹ̀lú Àgbákò àti gbogbo ohun abàmì tó wà nínú rẹ̀. Fágúnwà fúnra rẹ̀, tíṣà onígbàgbọ́ ni, ẹ̀kọ́ ìwà rere kò sì fi ibì kankan sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Ti Àmọ́sì Tutùọlá ńkọ́? Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí i, ní 1920. Iléèwé Salvation Army ló lọ. Òjíṣẹ́ ló jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tó kọ ìtàn ọ̀mu ẹmu tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, The Palm-Wine Drinkard, tí Faber tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Mo rántí bí àwọn ọ̀mọ̀wé wa ṣe ń bínú sí i, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti wá. Ibo ni ìbínú wọn wà lónìí? Ọmọ Ẹ̀gbá yẹn ló ṣíwájú gbogbo àwọn tí ẹ ń dárúkọ wọ̀nyí, ó sì dùn mí pé àwọn ọmọ tó ń dàgbà lábẹ́ Olúmọ kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí èmi ṣe fún ọmọ-ọmọ mi rèé: a máa ń ka orí kan nínú Fágúnwà lálẹ́ Sátidé, èmi ni mo ń kà á sókè. Láàárín ọ̀sẹ̀, kó ka tuntun tó bá wù ú. Ní Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, òun ni yóò sọ fún mi bí iwin tirẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí iwin tèmi. Ní kí ìyá ọkọ rẹ náà máa jókòó tì yín. Ìwọ kọ́ ni yóò yí wọn lọ́kàn padà, Fágúnwà ni.

Ọmọ FUNAAB

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tí kò bá tíì lówó ìwé, dátà díẹ̀ ti tó. Ìwé ìròyìn Omenana wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2014, ìtàn àràmàǹdà àti sáyẹ́ǹsì láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ló kún inú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ tọ́ wọn wò níbẹ̀ kí ẹ tó mọ òǹkọ̀wé tí ẹ máa náwó lé.

Tó bá jẹ́ ti àgbà, mo fẹ́ràn Lost Ark Dreaming ti Suyi Davies Okungbowa, 2024. Omi òkun ti bo Èkó, àwọn tó ṣẹ́kù ń gbé nínú ilé gogoro tó dúró sínú omi: olówó lókè, mẹ̀kúnnù ní àjà tó wà lábẹ́ omi. Ohun kan wá wọlé láti inú òkun. Ẹ̀kọ́ nípa omi ni mo ń kà ní yunifásítì, kò sì sí ohun tó ṣòro gbà gbọ́ fún mi nínú ìwé yẹn.

Akàwé Àdìgbẹ̀

Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ Wole Talabi? Shigidi and the Brass Head of Obalufon, 2023. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ṣìgìdì bá fẹ́ tẹ́, a ní kí wọ́n gbé òun sójò. Talabi mú ṣìgìdì amọ̀ yẹn, ẹni tó ń jókòó lé èèyàn láyà lójú oorun, ó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ kékeré nínú iléeṣẹ́ àwọn òrìṣà. Àdúrà ni owó oṣù wọn. Àwọn tó ń pe orúkọ rẹ̀ ti dínkù, nítorí náà ebi ń pa á. Ó wá pàdé Nneoma, ẹ̀mí obìnrin kan tó lẹ́wà tó sì léwu, àwọn méjèèjì gba iṣẹ́ láti lọ gbé orí idẹ Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ ayé àtijọ́, kúrò ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Olè jíjà ni ìtàn náà dá lé, àbí ká ní gbígba ohun ẹni padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí wọ inú eegun. Ní 1938, ọdún kan náà tí Màmá Ìtòkò dárúkọ, ni wọ́n hú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum títí di òní. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìwé yìí kò ní láti lọ jìnnà láti mọ ìbínú tó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ibùsùn wà níbẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ìwé ọmọ ọdún 13. Ìtàn náà ń fò káàkiri ọ̀rúndún, ó sì rẹ̀ mí díẹ̀ ní àárín, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọ Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ yẹn, n kò lè gbé e sílẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Ṣàpọ́n

Ẹ má bínú o, ohun tí ẹ ń sọ dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé tiwa nìkan ló wà. Táyé tó fẹ́ràn ìràwọ̀, tó bá tún dàgbà díẹ̀, kó ka The Three-Body Problem ti Liu Cixin, ará Ṣáínà. Ìwé 2008 ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dé ní 2014, ó sì gba Hugo ní 2015. Físíìsì inú rẹ̀ le, àwọn èèyàn inú rẹ̀ gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ á gbà yín lóorun. N. K. Jemisin náà, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà: ìwé mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Fifth Season ní 2015, gba Hugo ní ọdún mẹ́ta léra, 2016, 2017, 2018. Kò sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ rí kó tó ṣe é.

Tíṣà Ìbarà

Bọ̀ọ̀dá Ṣàpọ́n, mo gbà. Ti Jemisin gan-an kún ojú òṣùwọ̀n mi: àwọn tó lè pàṣẹ fún ilẹ̀ níbẹ̀, ẹrú ni wọ́n sọ wọ́n dà nítorí agbára yẹn. Ṣùgbọ́n ikú ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì tó ọdún 16 tàbí 17.

Olùkàwé Òkè-Ìlẹ̀wọ̀

Nǹkan méjì péré, kí owó Ìyá Ìbejì má bàá ṣòfò.

Àkọ́kọ́, wọn á júwe Akata Witch ti Okorafor fún Kẹ́hìndé, ó sì dára fún ọjọ́ orí rẹ̀: Sunny, ọmọ ọdún 12, àfín ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ó wá ń gbé ní Àbá, ó ṣàwárí pé òun ní agbára, ìmọ̀ ni wọ́n sì ń san owó fún láàárín wọn. Ọmọ tó bá kọ́ nǹkan tuntun, owó á já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìwé yẹn ní orúkọ méjì. Èyí tí Cassava Republic tẹ̀ ní Nàìjíríà ń jẹ́ What Sunny Saw in the Flames. Ìwé kan náà ni. Tí ẹ bá rí méjèèjì lórí àtẹ, ọ̀kan ni kí ẹ mú. Apá kejì náà ní orúkọ méjì: Akata Warrior ni Sunny and the Mysteries of Osisi.

Ìkejì, In the Shadow of the Fall ti Tobi Ogundiran, 2024. Ashâke ń kọ́ iṣẹ́ ní tẹ́ńpìlì Ifá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ ohùn òrìṣà, òun nìkan ni kò gbọ́, ló bá pinnu pé òun yóò mú òrìṣà kan nípá. Ohun tó tìdí ẹ̀ jáde le gan-an. Nínú gbogbo èyí tí mo ti kà láàárín ọdún mélòó kan yìí, òun ló gbé òrìṣà kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ẹ̀rù bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti dùn jù ni wọ́n gé e sí. Apá kejì, At the Fount of Creation, jáde ní 2025. Tí owó kò bá tó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró dìgbà tó bá tó. Mo ní méjèèjì nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀, mo lè yá yín lẹ́yìn ìsinmi, kí Kẹ́hìndé kàn má ṣe ká etí ojú ìwé.